Àga Ọmọ àti Kẹ́ẹ̀gì Epo

Ní ìdílé tiwa, a fẹ́ràn ọmọ débi pé a kì í fẹ́ gbé e sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ tí àbúrò mi obìnrin ti Lọ́ńdọ̀nù dé sí Ìlá pẹ̀lú àga ọmọ, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ ìjókòó mọ́tò, ṣe ni a ń wò ó bíi pé ó bú wa. Àga náà dára lójú. Ó ní tìmùtìmù níbi orí àti ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó ní bẹ́líìtì tó pàdé láàárín àyà, ìwé ìlànà rẹ̀ sì nípọn ju ìwé tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé mi lọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, inú èyí ni kí ẹ máa gbé e sí," ni àbúrò mi wí. Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún méjì, ló ń sọ. "Bó ti wù kó sunkún tó, ẹ má gbé e kúrò níbẹ̀ tí mọ́tò bá ti ń lọ."

Ìyá mi wo àga, ó wo ọmọ rẹ̀ tó ti ìlú òyìnbó dé. "Ọmọ èèyàn lo ní ká máa so mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́ ọjà? Orí ló ń ṣọ́ ọmọ, kì í ṣe okùn. Márùn-ún ni mo bí. Èwo ló já bọ́ lápá mi nínú yín?"

Àbúrò mi náà wà nínú àwọn márùn-ún tí kò já bọ́.

Èmi tí mo jẹ́ tíṣà, èmi ọ̀mọ̀wé, mi ò gbè é lẹ́sẹ̀. Èmi náà ní ìmọ̀ tèmi nípa bẹ́líìtì: àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni mò ń dè é fún. Tí mo bá rí wọn lókèèrè, mo dè é. Tí mo bá kọjá wọn, mo tú u, nítorí ewu ti tán nìyẹn.

Nígbà tí àbúrò mi padà, a so àga náà mọ́ ìjókòó ẹ̀yìn, torí pé a ti ṣèlérí. Ṣùgbọ́n a ò yọ ọ̀rá tí wọ́n fi wé e wá, kí ọmọ má baà bà á jẹ́. Àga wà nínú ọ̀rá, ọmọ wà lórí itan, gbogbo wa sì gbà pé a ti ń lo ohun tí wọ́n fún wa. Ẹni tó bá bá mi wọ mọ́tò á ní mo ti di òyìnbó. Mo máa ń rẹ́rìn-ín, mo sì máa ń gbà bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, èmi, ìyá mi àti ọmọ lọ kí àbúrò ìyá mi obìnrin ní ìlú Ọ̀rà. Nígbà tí a fẹ́ máa bọ̀, àbúrò ìyá mi náà fún wa ní kẹ́ẹ̀gì epo kan, epo tuntun tó pupa fòò. Ìdérí kẹ́ẹ̀gì ò dé dáadáa, ọ̀rá ni wọ́n fi há a. Mo ní kì í ṣe inú mọ́tò mi ni epo yẹn máa dà sí.

"Àga tí àbúrò rẹ gbé wá ńkọ́?" ni ìyá mi wí. "Ṣebí ó ní ó máa ń di nǹkan mú."

Ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, bí ọmọdé gun orí ìrókò, kò lè rí i. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì sínú àga. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ tẹ̀ lé ìwé ìlànà: mo rí i pé bẹ́líìtì ò lọ́, mo fà á kó fara mọ́ kẹ́ẹ̀gì pinpin, mo ti irin ẹnu rẹ̀ bọ ihò tí wọ́n ní ká tì í bọ̀, ó sì dún pàá. Mo mì í, kò mì. Inú mi dùn gan-an.

Ìyá mi jókòó síwájú, ó gbé ọmọ lé itan, ó fún un ní àádùn, ó fi apá méjèèjì gbá a mọ́ra.

Eré tí mò ń sá ò ju ti ẹni tó ń lọ sílé àna lọ. A ò tíì rìn jìnnà tí ọlọ́kadà kan tó di igi ìdáná fi já láti ọ̀nà oko bọ́ síwájú mi. Mo tẹ bíréèkì. Mọ́tò dúró, ọlọ́kadà kọjá lọ. Ọmọ mi nìkan ni kò dúró. Ó fò kúrò lórí itan bíi pé ẹnikẹ́ni ò dì í mú, orí tó ń ṣọ́ ọ náà ló sì fi gbá dáṣíbọọ̀dù. Apá ìyá mi, apá tó ti gún iyán láti ìgbà èwe, kò rí nǹkan kan dì mú mọ́.

Ọmọ ò sunkún. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn bọ̀ lójú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là, ohùn ò jáde. Mi ò bẹ̀rù tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ìyá mi ń pe orúkọ rẹ̀ léraléra, ìgbà tí ọmọ sì figbe ta níkẹyìn, èmi náà bú sẹ́kún.

Ní ọsibítù ní Ìlá, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ojú ọgbẹ́ náà bi mí pé, "Ṣé ẹ ò ní àga ọmọ ni, sà?"

"A ní."

"Níbo ló wà?"

"Inú mọ́tò."

"Kí ló dé tí ọmọ ò sí nínú rẹ̀?"

Mo wolẹ̀. "Epo ló wà níbẹ̀."

Nọ́ọ̀sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Nígbà tí wọ́n rán ojú ọgbẹ́ náà tán, a padà sídìí mọ́tò. Kẹ́ẹ̀gì wà bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Kò yẹ̀, kò dà, bó ti wù kó kéré mọ. Ìyá mi fẹ́ tú u, kò mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀, mo bá a tẹ̀ ẹ́. Ó gbé epo kúrò. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya ọ̀rá ara àga náà dànù.

"Gbé e síbẹ̀," ó wí. "Dè é bí o ṣe de epo."

Mo dè é. Ọmọ ń ké, a ò dá a lóhùn. Ìyá mi jókòó síwájú, ó ní kí n bá òun de bẹ́líìtì tòun náà, ó wá gbé kẹ́ẹ̀gì lé itan, ó fi apá méjèèjì gbá a mọ́ra. Ní kòtò tó wà lẹ́nu ọ̀nà àdúgbò wa, ọ̀rá tí wọ́n fi há ìdérí yọ, epo dà sára aṣọ rẹ̀, ó ṣàn dé ẹsẹ̀. Ó wò ó. Kò nù ún títí a fi délé.