Kùkùté Tí Aládùúgbò Mi Ń Dì Mú

Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, ọmọ mi. Ìyá àgbà ará Amẹ́ríkà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ní Hillcrest Heights, bí orin bá ti wọ̀ ọ́ lára ní ṣọ́ọ̀ṣì, á bọ́ awò ojú rẹ̀ fún mi, á sì di ọwọ́ mi mú. Kíá, orí àti èjìká rẹ̀ á máa já fìrì. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni Ẹ̀mí ṣe ń gbọn àwọn ìyá ńlá òun níbi ìsọjí inú igbó láyé ọjọ́un. Wọ́n á gé igi, wọ́n á fi kùkùté tó ga dé àyà sílẹ̀, kí ẹni tára rẹ̀ ń já lè rí nǹkan dì mú.

Ó máa ń sọ fún mi pé, "Màmá, ìwọ ni kùkùté tèmi."

"Kùkùté tó ti gbẹ!" ni mo máa ń dá a lóhùn. Ọwọ́ mi á sì máa ro mí di ọjọ́ kejì.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, a jọ ń ṣa ẹ̀wà nílé ìdáná mi, ló bá bọ́ awò. Ọwọ́ rẹ̀ já fìrì, ẹ̀wà dà sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń kọrin.

Ó bi mí pé, "Màmá, àbí àìsàn ni?"

Ojú rẹ̀ ń bẹ̀ mí kí n sọ pé Ẹ̀mí ni. Ó ti rẹ̀ mí, ọmọ mi. Mo na ọwọ́ sí i, mo sì dá orin ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tí n kò mọ̀ tán.