Sákè Ọ̀sẹ̀ Kan

Mo rántí ìgbà tí mo fi odidi ọ̀sẹ̀ kan mu ìgò sákè kan nílé wa ní Missouri City, èmi nìkan, tòun ti táì lọ́rùn. Ará Japan kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ẹnjiníà nílùú Spring ló fún mi lọ́jọ́ Mọ́ńdè tí iléeṣẹ́ dá mi dúró. Ó ní ìrẹsì ni wọ́n fi ń pọn ọ́n, àti pé nílùú àwọn, èèyàn kì í bu ọtí fún ara rẹ̀, ẹni tó bá jókòó tì í ló ń bá a bu ún. Mo dúpẹ́, mo gbé ìgò àti páálí ẹrù mi, mo wakọ̀ lọ sílé.

Ìyàwó mi kò sí nílé. Ó ti lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin wa ní Atlanta, àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni ọmọ náà sì bímọ. Ọmọ-ọmọ wa àkọ́kọ́! Inú mi dùn débi pé mo sunkún. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyàwó mi ní kí n máa bọ̀ wá sọmọ lórúkọ, ẹnu mi yá jù mí lọ, mo ní ibi iṣẹ́ ò ní yọ̀ǹda mi. Ta ló fẹ́ lọ jókòó síwájú àna kí wọ́n máa bi í pé iṣẹ́ ńkọ́? Mo ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ọ̀gbẹ́ni ọlọ́gbọ́n! Kò sẹ́ni tó fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì mo ṣí ìgò náà. Ó mọ́ gaara bí ògógóró, nítorí náà mo di ojú pọ̀, mo gbé e mì. Háà, kò ta rárá! Ó dùn díẹ̀, òórùn rẹ̀ dà bíi ti ìrẹsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná. Lọ́jọ́ kẹta mo gbé e sí fíríìjì, òtútù gba adùn ẹnu rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin mo bu ú sínú ife, mo ki ife náà bọ omi gbígbóná, ó dùn ju tàtẹ̀yìnwá lọ, mo sì gbójú sókè láti sọ fún ẹnìkan. Kò sẹ́nìkan. Ó dùn mí gan-an lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ keje, ó ti ń kan bí ẹmu àná. Láràárọ̀ ni mo ń de táì, kí aládùúgbò má baà fura. Bí ìyàwó mi bá pè, mo ní ìpàdé ń lọ lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kẹjọ, wọ́n fi fídíò pè mí síbi ìsọmọlórúkọ. Mo dúró ti ògiri funfun kó lè jọ ọ́fíìsì. Àna wa gbàdúrà, wọ́n fi oyin kan ọmọ lẹ́nu, wọ́n ní kí bàbá àgbà tó wà níbi iṣẹ́ fi orúkọ tiwọn lélẹ̀. Mo sọ orúkọ náà, wọ́n ṣe àmín. Ìyàwó mi wá gbé fóònù wọ yàrá.

“Daddy, wọ́n ti dá yín dúró, àbí?”

Mo bi í pé ta ló sọ fún un.

“Kò sẹ́ni tó sọ. Tí mo bá ń pè yín níbi iṣẹ́, ẹ kì í gbé e àfi tí mo bá pè lẹ́ẹ̀kẹta. Láti Mọ́ńdè tó kọjá, kì í dún lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ tó gbé e.”

Ẹkún ni mo fi dá a lóhùn. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Tèmi ò tiẹ̀ lọ ju ọjọ́ mẹ́jọ lọ. Mo wọkọ̀ òfurufú lọ bá wọn lọ́jọ́ kejì, àlejò ti túká.

Mo ríṣẹ́ mìíràn nígbà tó yá, ọmọ náà sì ti ń lọ síléèwé báyìí. Ó fẹ́ràn láti máa wo fídíò ìsọmọlórúkọ rẹ̀. Àwọn àgbà wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà yìí sá lọ́jà ni. Nínú fídíò náà, àga kan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó mi, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sí i. Lóṣù tó kọjá, ọmọ náà fi òyìnbó bi mí pé ta ló ni àga yẹn. Mo ní èmi ni. Ó ní kí ló dé tí mi ò wá. Mo ní ojú ló ń tì mí.

Ó wá bi mí bóyá nítorí tòun ni ojú ṣe ń tì mí.