Ọjọ́ Tí Wọn Kò Pè Mí

Ọ̀kadà gbé mi ṣubú lójú ọ̀nà Ajara nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí àwọn ẹgbẹ́ eléré wá yan àwa ọ̀dọ́. Èjìká ọ̀tún mi ló kọ́kọ́ kanlẹ̀, apá tí mo fi ń ju bọ́ọ̀lù. Mi ò sọ fún ìyá mi, mi ò sì sọ fún kóòṣì. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo sọ fún: ọ̀rẹ́ mi tó ń gba bọ́ọ̀lù fún mi.

Nínú eré bésíbọ́ọ̀lù, ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù, alátakò tó mú igi lọ́wọ́ á fẹ́ gbá a, ẹnì kan tún wà lẹ́yìn alátakò náà, tó lóṣòó, tó ń gba èyí tí kò bá gbá. Bí alátakò bá fi igi gbá afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó di ẹ̀yìn pápá nìyẹn. Ẹni tó lóṣòó yẹn ló ń fi ìka sọ irú bọ́ọ̀lù tó yẹ kí n jù. Láti ilé ẹ̀kọ́ girama lèmi àti ọ̀rẹ́ mi ti ń ṣe é. Ẹja tí ìyá rẹ̀ bá yan nìyá mi ń tà. Inú àwo kan náà la ti ń jẹun.

Nígbà tí líìgì tuntun fẹ́ bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ní àwọn yóò máa san owó oṣù fún eléré, àwọn ẹgbẹ́ tó wà nínú rẹ̀ wá sí pápá kan nítòsí òpópónà márosẹ̀ láti mú nínú àwa tí a ń ṣeré lásán. Ẹgbẹ́ kan á pe orúkọ ẹnì kan, èyí tó tẹ̀ lé e á pe tirẹ̀, títí yóò fi yí ká. Èjìká mi ti sàn nígbà yẹn. Láàárọ̀ tí wọ́n ní ká jù kí àwọn wò ó, àwọn èèyàn pariwo yìn mí.

Bàbá mi gba àyè níbi iṣẹ́ wá. Ará Èkìtì ni, iṣẹ́ olùkọ́ ló gbé e wá sí Badagry, kò sì mọ nǹkan kan nípa eré yẹn. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ pe orúkọ ló ń na ọrùn. Wọ́n tètè pe ọ̀rẹ́ mi. Ó dì mọ́ mi, ó ní, "Tìẹ náà ń bọ̀."

Wọ́n pè, wọ́n pè, wọ́n pe àwọn tí kò lè ju bọ́ọ̀lù kọjá imú wọn. Wọn ò pè mí. Nígbà tí wọ́n ń kó àga, bàbá mi dìde, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀, ó ní, "Jẹ́ ká máa lọ sílé." Kò wo ojú mi.

Bí a ṣe ń dúró de ọkọ̀, obìnrin kan tó wà lára àwọn tó ń yàn wá bá mi.

"Èjìká ẹ ńkọ́? Ṣé ò ń tọ́jú ẹ̀?"

"Ó ti sàn, mà. Ta ló sọ fún yín?"

"Ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù fún ẹ ni. A bi í léèrè nípa ẹ, ó ní o ò lè fi apá yẹn sùn, ó ní kò ní pẹ́ tó fi máa yẹ̀. Àánú ẹ ṣe wá."

Bàbá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Mi ò lọ bá ọ̀rẹ́ mi jà. Ìjà á tètè tán, èmi ò sì fẹ́ kó tètè tán. Mo wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Gberefu, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin tó jẹ́ apẹja. Ó bá mi so àwọ̀n gbígbó mọ́ àárín igi àgbọn méjì, mo sì ń ju bọ́ọ̀lù lù ú láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Gbogbo ohun tí ọ̀rẹ́ mi mọ̀ nípa bí mo ṣe ń ju bọ́ọ̀lù ni mo jù nù. Mo kọ́ bí a ṣe ń fi gbogbo agbára ju apá, kí bọ́ọ̀lù sì máa rọra bọ̀.

"Ta lò ń bá jà?" Ẹ̀gbọ́n ìyá mi bi mí lọ́jọ́ kan, pẹ̀lú Yorùbá rẹ̀ tí ohùn Ẹ̀gùn wà nínú rẹ̀.

"Kò sẹ́nì kan, sà."

"Irọ́ ni. Èèyàn kì í bá àwọ̀n jà báyìí."

Kò pẹ́ tí líìgì bẹ̀rẹ̀ tí ẹgbẹ́ kékeré kan fi wá mi kàn. Ẹni tó ń jù fún wọn ti rìnrìn àjò. Kí n tó gbà, ohun kan ṣoṣo ni mo bi wọ́n: ìgbà wo ni wọ́n máa pàdé ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ mi?

Lọ́jọ́ náà, nígbà tó kan ọ̀rẹ́ mi láti gbá, ó gbé igi rẹ̀ wá síwájú mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọ̀rẹ́ mi! Èjìká ńkọ́?"

Mo ju èkíní, ó ti wọ ìbọ̀wọ́ ẹni tó lóṣòó lẹ́yìn rẹ̀ kó tó fi igi gbá. Èkejì bá a bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta, mo ju apá bí ẹni fẹ́ pààyàn, bọ́ọ̀lù sì rọra ń bọ̀. Ó ti fi igi gbá afẹ́fẹ́ tán kí bọ́ọ̀lù tó dé. Ó yí bírí, ó fi orúnkún kanlẹ̀, akoto orí rẹ̀ yí lọ. Pápá bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo ìgbà tó padà wá lọ́jọ́ náà ni mo ṣe é bẹ́ẹ̀, mo sì ń wá ojú rẹ̀ kó lè rí tèmi. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn wo bí mo ṣe ṣe é, wọ́n fi ọ̀nà kan náà mú un. Kí líìgì tó parí, ẹgbẹ́ rẹ̀ ti yọ ọ́.

Ó wá sílé wa pẹ̀lú ìyá rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. "Wọ́n ní ẹnì kan ṣoṣo làwọn máa mú nínú àwa méjèèjì. Ẹ̀rù bà mí."

"Mo ti gbọ́," ni mo wí. Ìyá mi rò pé ó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá ẹgbẹ́ wa pè mí. "Ẹni tó ń gbà fún ẹ tẹ́lẹ̀ wá bá mi pé òun ń wá ẹgbẹ́. Ṣé ó mọ̀ ọ́n ṣe?"

"Ó mọ̀ ọ́n ṣe, sà. Mi ò tíì rí ẹni tó mọ̀ ọ́n gbà jù ú lọ."

"Ká mú un nìyẹn?"

"Ẹ lè mú un. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá wọlé lèmi máa jáde."

Wọn ò mú un. Ìdí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló wà báyìí, ó ń tún un ṣe létí ọ̀sà.

Nígbà tí ìyá mi gbọ́, ó gbé oúnjẹ alẹ́ kalẹ̀ bí ẹni ju òkúta. "Ọmọ tí ẹ jọ jẹun dàgbà!"

"Mi ò parọ́ mọ́ ọn, Màámi."

"O ò parọ́. Ìkà lo ṣe."

Mo bu òkèlè, ó sì dùn lẹ́nu mi. Bàbá mi ò gbójú sókè. Ó kàn mú ẹran inú àwo rẹ̀, ó fi sínú tèmi.