Pẹ́dà Maṣíìnì Ẹ̀gbọ́n Mi

Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún mi pé ìfẹ́ kì í pani lára.

Télọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n fi ń ránṣọ, èyí tó ní pẹ́dà nísàlẹ̀, tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ kí abẹ́rẹ́ tó lọ. Táwọn èèyàn bá yin ọwọ́ wọn, wọn a ní, "Ẹsẹ̀ ni mo fi ń jẹun, ọwọ́ kàn ń bá a gbé e dé ẹnu ni."

Inú balùwẹ̀ ni wọ́n ti yọ̀ ṣubú, eegun ìbàdí ọ̀tún sì kán. Dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn, ó fi irin de eegun náà. Ohun kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n mi bi í: ṣé àwọn á tún lè wa maṣíìnì? Ó ní ẹsẹ̀ tí a bá lò ló ń padà sípò. Èyí tí a bá gbé sórí ìrọ̀rí, ibẹ̀ náà ni yóò kú sí.

Ilé ìwòsàn wá ń rán obìnrin kan wá láti kọ́ wọn ní ìrìn. Tíṣà Ẹsẹ̀ lèmi ń pè é. Kò mọ ojú ẹni tó ń làágùn rárá. Á ní kí wọ́n dìde, kí wọ́n di irin ìfirìn mú, kí wọ́n lọ bu omi mu fúnra wọn. Ẹ̀gbọ́n mi á bi mí bóyá obìnrin yìí tiẹ̀ ní ìyá, wọ́n á sì lọ. Ó ṣèlérí fún wọn pé ọjọ́ tí wọ́n bá dá rìn dé ìdí maṣíìnì, pẹ́dà yẹn gan-an ni wọn yóò fi máa na ẹsẹ̀ lójoojúmọ́ títí yóò fi lágbára.

Àmọ́ bí Tíṣà bá ti yí ẹ̀yìn báyìí, àwọn ọmọ wọn dé nìyẹn. Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ni wọ́n, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ta ló máa jókòó tẹtẹrẹ, kí ìyá rẹ̀ máa wọ́ ẹsẹ̀ lọ bu omi? Ìyá ò tíì na ọwọ́, ife ti dé. Ohun tó bá bọ́ sílẹ̀, ìyàwó àkọ́bí ti he é. Àkọ́bí fúnra rẹ̀, oníṣẹ́ iná mànàmáná, ló ń gbé wọn lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀ bí ìkókó. Irin ìfirìn di ibi tí wọ́n ń sá táwẹ̀lì sí. Mo jà, mo pariwo títí ohùn mi fi há. Wọ́n ní, "Màmá Kékeré, ẹ má bínú," wọ́n tún sáré lọ bu omi wá fún èmi náà. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló ń na ọmọ nítorí pé ó ń tọ́jú ìyá rẹ̀? Ọ̀rọ̀ náà sú mi.

Ẹ̀gbọ́n mi wá ń ṣe tiwọn ní bòńkẹ́lẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó ku èmi nìkan lọ́dọ̀ wọn, wọ́n di ògiri mú láti ibùsùn, wọ́n rìn dé ẹnu ọ̀nà yàrá ìránṣọ. Wọ́n rí maṣíìnì wọn lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n bú sẹ́rìn-ín bí ọmọge. Wọ́n ní ó ku díẹ̀, kí n má sọ fún ẹnì kan; ìró maṣíìnì ni wọ́n fẹ́ káwọn ọmọ kọ́kọ́ gbọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, àwọn ọmọ ní àwọn ní ẹ̀bùn kan fún ìyá wọn. Àkọ́bí gbé wọn, kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ wọn kan ilẹ̀ títí tó fi gbé wọn jókòó sídìí maṣíìnì. Àwọn ọmọ ti nù ún, ó ń dán. Àkọ́bí ti so ẹ̀ńjìnnì kékeré oníná mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì fi bọ́tìnnì sí ibi tí ọwọ́ ti lè tẹ̀ ẹ́.

Ó ní, "Màmá, wàhálà ẹsẹ̀ ti parí. Ẹ ò ní fi ẹsẹ̀ tẹ nǹkan kan mọ́ láyé."

Ẹ̀gbọ́n mi ò wo bọ́tìnnì. Mo rí ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn lábẹ́ tábìlì, ó yọ kúrò nínú bàtà, ó ń wá pẹ́dà kiri. Ilẹ̀ ló ń bá. Àwọn ọmọ ti tú pẹ́dà, wọ́n ti kó o fún àwọn tó ń ra irin àlòkù láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Gbogbo wọn ń wo ojú ìyá wọn. Inú wọn ń dùn.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Bẹ́ ẹ ṣe tọ́jú mi yìí, bẹ́ẹ̀ náà lọmọ yín á tọ́jú yín."

Àwọn ọmọ ṣe àmín. Èmi ò lè ṣe é. Lábẹ́ tábìlì, ẹsẹ̀ yẹn ṣì ń wá pẹ́dà.