Aṣọ Orí Kọ̀ǹpútà Màmá Desanka

Bí Radojka bá wọlé ẹnikẹ́ni ní Kraljevo, ìlú wa ní Serbia, láti tún kọ̀ǹpútà ṣe, aṣọ tí wọ́n fi bo kọ̀ǹpútà náà lórí ló kọ́kọ́ ń ká. Àwa ará ibí ò lè rí orí nǹkan kó ṣófo. Tẹlifísàn o, rédíò o, aṣọ oníhò wínníwínní tí àwọn ìyá wa fọwọ́ hun la fi ń bò ó. Radojka sọ títí pé aṣọ ń mú kọ̀ǹpútà gbóná jù, etí ikún la kọ sí i.

Láàárọ̀ Sátidé kan, Màmá Desanka, aládùúgbò mi, figbe bọnu. Tijana ọmọ ọmọ rẹ̀ ń ṣègbéyàwó ní Vienna lọ́jọ́ náà. Ẹsẹ̀ Màmá ò gba ìrìn àjò mọ́, inú kọ̀ǹpútà ló ti fẹ́ wò ó. Kọ̀ǹpútà ti kú. Tijana sì búra pé òun ò ní jáde nílé àfi bí Màmá bá rí òun nínú aṣọ ìyàwó.

Mo sáré pe Radojka. Bó ṣe dé, ó ní kí Màmá fi fóònù òun wo ìgbéyàwó náà.

"Páálí ìṣáná yẹn? Ojú mi ò ní mọ ìyàwó yàtọ̀ sí ọkọ!"

Màmá kò jẹ́ kí Radojka fọwọ́ kan nǹkan kan, àfi ìgbà tó lá ṣíbí èso inú ṣúgà tó sì mu omi lé e, bí a ti ń ṣe àlejò níbí. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Radojka gbé ìkòkò tí Màmá gbin efinrin sí kúrò lórí kọ̀ǹpútà náà, ó sì ká aṣọ mẹ́ta lórí rẹ̀.

"Màmá, ẹ ti sè é jinná!"

"Mo rò pé òtútù ń mú un ni, ọmọ mi."

"Díìsìkì tó ń kó ọgbọ́n orí rẹ̀ sí ti bàjẹ́."

"Fún un ní orí tuntun. Kó o ra tìrẹ mọ́ ọn, kó o fi wá ọkọ!"

Radojka ki díìsìkì tuntun bọ̀ ọ́, ó ti fláàṣì sí i, ó ń da ètò tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ padà sínú rẹ̀. Ìlà búlúù tó ń fi hàn bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ ń wọ́ bí ìgbín lójú kọ̀ǹpútà.

"Rìn, ọ̀lẹ! Ìyàwó ń dúró!" ni Màmá ń pariwo sí i.

Ìlà náà dúró gbagidi. Omi bọ́ lójú Màmá. Ìlà náà tún ṣípò, ó rìn dópin, ojú kọ̀ǹpútà mọ́ rekete. Radojka tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, Tijana sì yọ nínú aṣọ funfun. A kígbe ayọ̀, a jó, a fẹ́rẹ̀ẹ́ da efinrin nù.

Nínú ìdùnnú yìí ni Màmá mú aṣọ, ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ sórí kọ̀ǹpútà. Radojka gbá ọwọ́ náà mú. Màmá bú sẹ́rìn-ín, ó da aṣọ náà bo Radojka lórí bí ìbòjú ìyàwó.

"Màmá àgbà, ìyàwó méjì mà ni mo rí!" ni Tijana ké láti inú kọ̀ǹpútà.

"Bá mi wá ọkọ fún èkejì níbẹ̀ yẹn!"

"Ṣé ẹ ti rí mi dáadáa?"

"Mo rí ọ, ọmọ mi. Ó yá, máa lọ."

Tijana jáde nílé lọ síbi ìgbéyàwó rẹ̀. Radojka, tó ti ká aṣọ kúrò lórí gbogbo nǹkan nílùú yìí, kò ká ti orí tirẹ̀ títí ó fi délé.