Bí Bàbá Mi Ṣe Gbé Ilé Ìpamọ́ Ìlú Jámánì Wá sí Rolla

Òórùn káńfọ̀ ló máa ń jí mi láràárọ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà nílé, èéfín igi tàbí àkàrà ìyá oníàkàrà ló jí yín. Tèmi, káńfọ̀ ni, àti òórùn páálí tó ti fa ọ̀rinrin òkun sára. Yàrá méjì la ní ní Rolla, ní Sharjah, lókè ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan. Bàbá, Màmá, àbúrò mi obìnrin àti èmi, inú yàrá kan la há mọ́. Yàrá kejì ló tóbi jù, òun ló ní fèrèsé, òun ló ní éésì. Àwọn tí kò sí nílé ló ń gbé ibẹ̀.

Ẹrù wọn ni mo ń sọ. Ilé ìkẹ́rùsí kan ní Jebel Ali ni Bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́, àwọn Yorùbá tó wà ní Dubai àti Sharjah sì mọ̀ ọ́n sí ẹni tí kì í fọwọ́ kan ohun olóhun. Ẹni tó bá fẹ́ fi nǹkan ránṣẹ́ sílé á gbé e wá sọ́dọ̀ wa, kí àwọn oníṣòwò tó wá rajà ní Deira lè bá a mú un lọ sí Èkó. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tí kò bá mọ̀wé kọ á sọ̀rọ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì. Á dì í mọ́ ẹ̀wù méjì àti fọ́tò kan nínú ọ̀rá, á ní kí wọ́n bá òun kọ orúkọ sára ọ̀rá náà. Ó yẹ kí gbogbo rẹ̀ lọ. Gbogbo rẹ̀ kò lọ. Oníṣòwò kan á ní ẹrù òun ti wúwo jù. Ẹlẹ́rù míì, fíísà rẹ̀ á tán, á padà sílé láìdágbére. Òmíràn á kú. Ọ̀rá wọn á wá kù sí wa lọ́rùn. Màmá mi ń pè wọ́n ní àlejò tí kì í jẹun, ó ní ìyẹn nìkan la fi ń dúpẹ́.

Wọn ì bá ti di ohun ìdànù tipẹ́, ọpẹ́lọpẹ́ ọ̀gá Bàbá mi níbi iṣẹ́, Jámánì kan tó ga bí òpó iná. Bàbá tó bí ọ̀gá yìí ló ń ṣọ́ ilé ìpamọ́ ìlú wọn. Kí ni wọ́n ń pa mọ́ síbẹ̀? Ìwé àtijọ́ ni. Ìlú tí kò tó ìdajì Rolla, wọ́n kọ́lé fún ìwé, wọ́n gba ọlọ́dẹ fún ìwé, wọ́n ń san owó oṣù fún ẹni tó ń bá ìwé jókòó. Bàbá á dé láti ibi iṣẹ́, á bọ́ bàtà, á sì máa ròyìn ilé yẹn fún wa bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Mẹ́kà dé.

Ó ní àpótí onírin kan ni ilé náà fi bẹ̀rẹ̀, lókè ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ló ń ṣí i, àgbà ìlú mẹ́ta ló sì mú un lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má lè dá a ṣí. Màmá ní ó dájú pé àwọn ará ìlú náà mọ ara wọn dáadáa. Nígbà tí iná jó ìlú, wọ́n gbé àpótí náà sá kí wọ́n tó rántí bẹ́ẹ̀dì wọn. Wọ́n tún gbé e lọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀ ní gbọ̀ngàn ìlú, omi wọ ibẹ̀, ni wọ́n bá kúkú kọ́ ilé fún un. Nígbà tí ogun dé, wọ́n kó gbogbo ìwé lọ sínú ihò tí wọ́n ti ń wa iyọ̀, nítorí ibẹ̀ gbẹ. Àwọn èèyàn dúró síta kí bọ́ǹbù máa já lù wọ́n. Ìwé wà nínú iyọ̀, ó ń sinmi.

Ohun tó wà níbẹ̀ ńkọ́? Ìwé awọ ẹran tí ọba fi gbà wọ́n láyè láti ná ọjà, èdìdì ìda rẹ̀ fẹ̀ bí àwo ife tíì. Ìwé ìpàdé àwọn ìgbìmọ̀ ìlú, láti ayé baba ńlá wọn. Àwòrán ààlà tí wọ́n ń bá ìlú kejì jà lé lórí. Ìwé ìròyìn tí wọ́n rán pọ̀, àti fọ́tò àwọn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ mọ́. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ìwé ẹgbẹ́ àwọn oníbúrẹ́dì. Ọkùnrin kan dín búrẹ́dì kù, wọ́n mú un, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń kà á títí dòní. Ká ní wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Rolla ni, ibo la ó rí ilé tó máa gbà á?

Òfin kan wà tí Bàbá kò yéé sọ. Ó ní bí wọ́n bá kó ìwé wá sílé yẹn, wọn kì í tú u ká. Ti ẹgbẹ́ oníbúrẹ́dì á wà lójú kan, bí ó ṣe dé, ìbáà dọ̀tí. "Ohun tó bá jọ wá, ẹ jẹ́ ó jọ jókòó." Ọjọ́ tó sọ ọ́ fún wa nígbà àkọ́kọ́ ni yàrá kejì di ilé ìpamọ́ àwọn Yorùbá. Ó kan pákó mọ́ ara ògiri, ó to ọ̀rá kọ̀ọ̀kan lé e, ó fi káńfọ̀ sí i. Ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ará Íńdíà tí mo lọ fún ìwọ̀nba ọdún tí agbára àwọn òbí mi ká a, tíṣà bi mí léèrè iṣẹ́ bàbá mi. Mo ní ó ń tọ́jú ṣòkòtò àwọn tó ti kú. Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú kan, Bàbá dé pẹ̀lú ìròyìn pé ọ̀gá òun ń bọ̀ wá wo ilé ìpamọ́ wa lọ́jọ́ Jímọ̀. Màmá lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, ó wò ó. Kí òyìnbó wá wo ọ̀rá tó ya, tó gbó, tí aáyán ti bímọ sí? Kì í ṣe nínú ilé tirẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bí Bàbá ṣe jáde báyìí, ó so ìró mọ́dìí. "Ìmọ́tótó borí àrùn mọ́lẹ̀," ó ní, "lọ mú ìgbálẹ̀ wá."

A tú gbogbo ọ̀rá. Màmá fọ ẹ̀wù, ó lọ̀ wọ́n, ó kó ẹ̀wù jọ sójú kan. Fọ́tò wọ inú álíbọ́ọ̀mù tuntun olódòdó. Èmi ni mo fi aṣọ tútù nu kásẹ́ẹ̀tì, mo tò wọ́n bí ọmọ ogun, funfun lọ́dọ̀ funfun, dúdú lọ́dọ̀ dúdú. Àwọn ọ̀rá tó gbó yẹn, a dà wọ́n sínú àgbá ìdọ̀tí nísàlẹ̀. Ilé mọ́ tónítóní. A jókòó, à ń retí ìyìn.

Ọ̀gá Jámánì dé, Màmá fún un ní móínmóín, ó jẹ ẹ́ tán. Lẹ́yìn náà Bàbá ṣí ilẹ̀kùn yàrá, ó sì dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ wọlé, ó rìn yíká, ó fa kásẹ́ẹ̀tì kan yọ, ó dá a padà jẹ́jẹ́. "Ó lẹ́wà gan-an," ó fi òyìnbó sọ, "ṣùgbọ́n ta ló ni èwo?" Màmá, tí kì í tètè gbọ́ òyìnbó, gbọ́ ti ẹwà, ó dúpẹ́, ó sì tún bu móínmóín sí i. Bàbá ti sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi àgbá ìdọ̀tí, lọ wá àwọn ọ̀rá tí orúkọ wà lára wọn. Ó ti ṣófo. Àwọn agbálẹ̀ Sharjah kì í fiṣẹ́ ṣeré, kí Ọlọ́run san án fún wọn.

Ọ̀gá náà fi ọ̀rọ̀ tù ú nínú. Ó ní nílùú tòun pàápàá, tíṣà kan láyé àtijọ́ to gbogbo ìwé bí wọ́n ṣe ga sí, pé wọ́n ṣì ń tú iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí bàbá òun fi fẹ̀yìn tì. Bàbá dúpẹ́. Kò bá Màmá jà. Ó ì bá sàn kó bá a jà.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Gàníyù dé. Ọ̀dọ́kùnrin ni, ó tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ wá rajà ní Deira. Bàbá rẹ̀ ti fi í sílẹ̀ nígbà tó ń kọ́ ìrìn, kò sì padà wálé. Ojú pópó èbúté ni bàbá náà ń gbá ní Jebel Ali, Muhaisnah, níbi tí wọ́n ń kó àwọn òṣìṣẹ́ há mọ́ra wọn, ló ń gbé, àìsàn ló pa á. Ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá ló gbé ọ̀rá rẹ̀ wá fún wa. Bàbá mi kò rí ọkùnrin náà sójú rí. Gàníyù dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, màmá mi ní kásẹ́ẹ̀tì nìkan ni kí n bá àwọn mú bọ̀. Aṣọ lè kù sọ́dọ̀ yín." Òun fúnra rẹ̀ kò mọ ohùn bàbá rẹ̀. Lẹ́tà tí wọ́n bá ọkùnrin náà kọ ló ń dé ilé tẹ́lẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì yìí nìkan ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ láyé.

Kò sọ́gbọ́n míì. A gbé rédíò sílẹ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ gbogbo wọn. Ẹnì kan ń jà sí ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ẹnì kan sunkún títí kásẹ́ẹ̀tì fi tán. Lẹ́yìn náà ni èyí dé: "Màdáàmù, ọkọ rẹ rèé. Dírẹ́bà ló ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́, òun náà ló ń gbé mi bọ̀. Bí mo bá wọlé, gbogbo ilé á dìde. A kì í paná nílé wa, tọ̀sántòru. Bí mo bá na ọwọ́ báyìí, wúrà ni."

Èmi tí mo mọ Muhaisnah dáadáa, mo di ògbufọ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, bọ́ọ̀sì àwọn òṣìṣẹ́ ni dírẹ́bà yẹn ń wà. Wọ́n ń dìde fún un nítorí kò síbi téèyàn ń gbà kọjá láàárín bẹ́ẹ̀dì. Wọn kì í sì í paná nítorí bí àwọn kan ṣe ń sùn làwọn kan ń jáde." Gàníyù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí n yí i padà, ká tún gbọ́ ti wúrà. Mo yí i padà. Màmá pàápàá rẹ́rìn-ín. Bàbá nìkan ló ní, "Khalas, ó ti tó, ẹ yọ ọ́. Ohùn òkú là ń wá, kì í ṣe aláwàdà."

Nígbà tó yá, a rí ọkùnrin méjì tó rọra ń sọ̀rọ̀, tó ń kí ìyá ọmọ wọn, tó ń ní kí wọ́n má ṣe ìyọnu. Gàníyù doríkodò. Ó ní ọ̀kan nínú wọn ni dandan, irú ohùn bẹ́ẹ̀ ló yẹ bàbá. Bàbá mi ṣe ẹ̀dà méjèèjì ní ṣọ́ọ̀bù Málíbárì kan, ará Íńdíà, Gàníyù kó wọn lọ sílé.

Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló gbé èsì dé nígbà tó tún wá rajà. "Àbúrò mi ní ẹ ṣeun, kò sí ọkọ òun nínú méjèèjì. Ó ní ṣé ẹ ò rí ọkùnrin kan tó ń fọ́nnu? Ó ní ọ̀kadà ni ọkọ òun fi ń gbé òun jáde nígbà tó ń fẹ́ òun sọ́nà, ṣùgbọ́n mọ́tò ló ń pè é."

Bàbá wò mí. Mo mọ ibi tí kásẹ́ẹ̀tì náà wà. Orí rédíò ni mo fi í sí, kí n lè máa gbé e fún àwọn ọ̀rẹ́ mi gbọ́. Màmá gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi etí ìró nù ún, ó wá ọ̀rá tuntun, ó sì ní kí n fi báírò kọ orúkọ olóògbé náà sára ọ̀rá àti sára kásẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì náà délé, tí ìyá Gàníyù gbọ́ ọ, ó ní irọ́ gbáà ni, ó sì rọra tún un gbé sínú rédíò. Wọ́n ní Gàníyù jáde nínú ilé. Mo ti wá bí wọ́n ṣe ń gba ẹ̀rín padà lẹ́nu ẹni tí a fi bàbá rẹ̀ pa lẹ́rìn-ín, n kò tíì rí i.

Bàbá kó ìyókù sínú páálí, wọ́n bá ọkọ̀ ojú omi lọ sílé nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ parí. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ni wọ́n wà ní Òṣogbo títí ó fi kú. Ilé ìpamọ́ àwọn Jámánì ṣì dúró, ó dá mi lójú. Oníbúrẹ́dì náà ṣì wà níbẹ̀, kò tíì rí ìdáríjì gbà.

Èmi, ọ̀mọ̀ràn tó ń ṣe ògbufọ̀, ìwé kò gbé mi débì kan. Lónìí, bedspace, àyè bẹ́ẹ̀dì kan péré nínú yàrá elérò púpọ̀, ni mo ń gbé ní Muhaisnah, ẹrù ni mò ń gbé ní Jebel Ali. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí bọ́ọ̀sì wa pẹ́ kó tó dé, mo gbé fóònù sẹ́nu, mo sọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí Màmá nílé. Mo ní kí wọ́n má ṣe ìyọnu, pé ara mi le, pé dírẹ́bà ló ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́. Ó ti lọ tán kí n tó gbọ́ ohun tí mo sọ.

Èsì Màmá dé kí bọ́ọ̀sì tó dé. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mo gbọ́, ọkọ mi. Ọlọ́run á máa ṣọ́ dírẹ́bà ẹ. Ṣùgbọ́n nígbà míì, kọ́kọ́ dárúkọ ara ẹ."