Ìyá Físà àti Ìrìnàjò Tóyọ̀sí

Bí o bá dé kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, lẹ́bàá Ìkọ̀lé, tí o ní o ń wá Christiana Adélúsì, wọn á máa wò ọ́ ni. Ṣùgbọ́n sọ pé Ìyá Físà, ẹni tó ń gbálẹ̀ gan-an á fà ọ́ lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ọmọ Òkè-Àkò ni, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Òun ló ń ṣètò ìrìnàjò àwọn olùkọ́ tí kọ́lẹ́ẹ̀jì bá rán lọ sókè òkun: físà, tíkẹ́ẹ̀tì, hòtẹ́ẹ̀lì, títí kan ẹni tí yóò wá pàdé wọn níbi tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ sí. Bí wọ́n bá sì padà, òun náà ni yóò gba rìsíìtì gbogbo ohun tí wọ́n ná kó tó kó o lọ fún báọ́sà. Òun fúnra rẹ̀ kò dé Kùtọnu rí láyé yìí. Síbẹ̀, á júwe pápákọ̀ òfurufú Frankfurt fún ọ bí ẹni ń júwe ọ̀nà oko bàbá rẹ̀.

"Ẹ gbà mí o, Pùròfẹ́sọ̀," á wí. "Ẹ wọ takisí, ẹ ò gba rìsíìtì. Ṣé báọ́sà bá yín jókòó nínú ọkọ̀ ni?" Pùròfẹ́sọ̀ á máa rẹ́rìn-ín, á máa bẹ̀ ẹ́ bí ọmọ iléèwé.

Ohun tí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín yìí kò mọ̀ ni pé Ìyá Físà kì í sùn bí ẹnìkan rẹ̀ bá wà lójú òfurufú. Á gbé fóònù sáyà títí onítọ̀hún á fi ránṣẹ́ pé òun ti gúnlẹ̀. Ó nídìí. Délé ọkọ rẹ̀ ń wa bọ́ọ̀sì láti Ìkọ̀lé sí Kàbà nígbà ayé rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń bọ̀ lọ́nà Ọ̀mùò, ni aláìnírònú kan bá pè é lórí fóònù pé ìyá rẹ̀ ti kú. Sọ̀rọ̀ irú èyí fún ẹni tó di ọwọ́ ọkọ̀ mú! Ọkọ̀ náà kò dé ilé. Láti ìgbà náà, òfin kan ṣoṣo tí Ìyá Físà kì í rú nìyí: a kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lójú ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni àwọn àgbà ilẹ̀ wa ń ṣe é. Arìnrìnàjò á kọ́kọ́ dé ilé, á wẹ̀, á jẹun, á jókòó, kí wọ́n tó là á yé e.

Ìyá Físà ń fi ẹ̀yin gbé gbogbo olùkọ́ pọ́n, àfi Tóyọ̀sí Oyèwọlé. Ọmọ rẹ̀ ló fi í ṣe, nítorí náà "ìwọ" ni. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni Tóyọ̀sí ń kọ́ni, àrùn tó ń ba ewé ẹ̀gẹ́ jẹ́ ló sì ń wádìí. Ọmọ kan ṣoṣo ni fún bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ ní Àsin, tó dá nìkan tọ́ ọ lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti fi físà dù ú. Nígbà tí ti Jẹ́mánì bọ́ sí i, kó lè lọ ka iṣẹ́ rẹ̀ ní àpérò kan níbẹ̀, Ìyá Físà jó yí tábìlì po, ó ní, "Dókítà mi, ó kù kí o wá fìyà rìsíìtì jẹ mí!"

Tóyọ̀sí gbéra lọ sí Èkó láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ di alẹ́ ọjọ́ kejì. Kò pẹ́ tó lọ tí àbúrò bàbá rẹ̀, Bàbá Bánkọ́lé, fi dé ọ́fíìsì, ẹrẹ̀ oko ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi ṣubú lóko," ni Bàbá Bánkọ́lé wí. "A ti gbé e dé ọsibítù Ìdó. Apá kan kò gbé mọ́. Dókítà ní kí a pe ẹni tó bá fẹ́ rí i."

"Háà! Ó mà ṣe o! Tóyọ̀sí ńkọ́?"

"Ohun tó gbé mi wá nìyẹn. Ẹbí ti fẹnu kò: kò gbọdọ̀ gbọ́. Kó lọ uṣẹ́ rẹ̀, kó bọ̀ wá ulé láyọ̀. Ìwọ ló ń pè lórí gbogbo nǹkan. Má jẹ̀ẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ."

Ẹ dákun, ẹ má bú bàbá yẹn. Ohun tó mọ̀ ló ṣe. Ohun tí kò mọ̀ ni pé tíkẹ́ẹ̀tì náà ṣe é sún síwájú, kí Tóyọ̀sí sì padà wá wo bàbá rẹ̀. Àpérò náà á bọ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àpérò mìíràn ń bọ̀; ta ló ní bàbá méjì? Ìyá Físà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ó na ọwọ́ sí fóònù. Lójú ẹsẹ̀ ló fi ojú inú rí Tóyọ̀sí nínú bọ́ọ̀sì láti Èkó, tó ń sunkún, tó ń kán awakọ̀ lójú pé kó sáré, ló bá tún rí ọkọ̀ Délé nínú kòtò. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà.

"Kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi, Bàbá," ló wí.

Ní ọjọ́ kejì, Tóyọ̀sí pè é láti pápákọ̀ òfurufú. "Mọ́mì, mo ti ń pe bàámi láti àná, wọn ò gbé e."

"Àsin kọ́ ni wọ́n wà? Ṣé òní lo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì Àsin ni?"

Tóyọ̀sí rẹ́rìn-ín. "Ẹ bá mi kí wọn o, Mọ́mì. Ẹ ní mo ti ń lọ."

Ẹ̀rín yẹn ló lé Ìyá Físà jáde nílé láàárọ̀ ọjọ́ kẹta. Ó wọ takisí lọ sí Ìdó. Bàbá Oyèwọlé wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ ti ṣú, kò mọ ẹni tó wọlé. Ó kàn gbọ́ ìró bàtà obìnrin, ó sì na ọwọ́ tó ṣì gbé.

"Àrìnkẹ́?" ló wí. Oríkì Tóyọ̀sí nìyẹn.

Bàbá Bánkọ́lé, tó dúró nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, mi orí sí Ìyá Físà pé kó jẹ́ ẹ. Kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ rẹ̀ sínú ọwọ́ bàbá náà, ó ní, "Èmi ni, bàámi."

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í súre. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀ gan-an, àfi kéèyàn súnmọ́ ọn. Ibẹ̀ ni fóònù Ìyá Físà ti gbọ̀n nínú àpò rẹ̀. Bí ó ti ń ṣe fún gbogbo ẹni tó bá wà lójú òfurufú, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó yọ ọ́, ó wò ó. Tóyọ̀sí ti gúnlẹ̀. Ó mí kanlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Nígbà tó gbójú sókè, ẹnu bàbá ti dákẹ́, ó ti di ojú. Kò la ojú náà mọ́. Ó kú ní ìrọ̀lẹ́.

Tóyọ̀sí ka iṣẹ́ rẹ̀ ní Jẹ́mánì, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbàkígbà tó bá pè sílé, wọ́n á ní bàbá ń sùn. Ó ra súwẹ́tà tó nípọn bọ̀ fún bàbá nítorí ọyẹ́ Àsin. Wọ́n jẹ́ kó wẹ̀, wọ́n jẹ́ kó jẹun, wọ́n sì jókòó yí i ká kí wọ́n tó là á yé e. Ẹni tó wà níbẹ̀ ní orí súwẹ́tà yẹn ló fojú dé, tó ń ké.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ó kó rìsíìtì rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì. Gbogbo rẹ̀ ló pé, títí kan ti takisí. Ó tò ó sórí tábìlì, kò jókòó.

"Mọ́mì, ṣé tíkẹ́ẹ̀tì yẹn ṣe é sún?"

"Ó ṣe é sún."

"Ẹ sì mọ̀."

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Ẹ̀rù ọ̀nà ló bà mí. O ò mọ bí ó ṣe bà mí tó."

Tóyọ̀sí wò ó lójú. Omi ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún.

"Bàbá Bánkọ́lé ní bàámi súre fún mi. Ó ní òun ò gbọ́ ọ láti ibi tí òun dúró sí, pé ẹ̀yin lẹ wà nídìí wọn." Ó kúnlẹ̀ síwájú tábìlì náà, ó tẹ orí ba. "Ẹ bá mi sọ ọ́, Mọ́mì. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an ni kí ẹ sọ ọ́."

Ìyá Físà dìde. Ó gbé ọwọ́ lé e lórí. "Wọ́n ní, 'Àrìnkẹ́ ọmọ mi, o ti dé ulé. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí…'"

"Kò ní jẹ́ kí kí ni?"

Ẹnu Yorùbá wo ni ìre wọ́n sí? Ó lè fi èyíkéyìí dí i, Tóyọ̀sí kò sì ní mọ̀ láéláé. Ṣùgbọ́n irọ́ ti sú obìnrin náà.

"Mi ò gbọ́ ìyókù, ọmọ mi. Ìgbà yẹn gan-an lo ránṣẹ́ pé o ti gúnlẹ̀."

Tóyọ̀sí kò dìde. Orí rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ọwọ́ Ìyá Físà.